Oṣù Keje Tí Kò Parí

Ọdún náà ti kú, wọ́n ti sin ín,
kàlẹ́ńdà rẹ̀ ṣì wà lára ògiri pálọ̀ bàbá àgbà ní Ògìdì.
Oṣù keje ló ṣí sí,
ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i kúrò níbẹ̀.

Fáàdá tó ń kó ẹrù lọ sílé ló fi ta á lọ́rẹ:
"Ìbítóyè, wo abúlé wa."
Abúlé kékeré, etí òkun Mẹditaréníà,
ilé mẹ́tàdínlógún, àwọn ni mo fi kọ́ ìṣirò,
gbogbo wọn funfun bí láfún tó gbẹ dénú,
wọ́n jókòó lórí àpáta
bí tiwa ṣe jókòó lábẹ́ àpáta.
Ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta. Àwọ̀n kan.
Ilẹ̀kùn kan tí ó dà bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ láró.
Obìnrin kan tó kẹ̀yìn sí wa.

Òun ni bàbá àgbà máa ń kí
tó bá ń jáde lọ sóko kọfí.
"Ẹ ǹlẹ́ o, ìyá."
Obìnrin náà ò yíjú rí.
Ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín láti ìdí aṣọ tó ń hun:
"Ìyàwó yín tòkè òkun ò gbọ́ èdè wa.
Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun."

Nígbà ọyẹ́, tí kànga bá gbẹ tó ku ẹrẹ̀,
tí a jí láago mẹ́rin lọ sí ìsun abẹ́ òkè,
tí Àǹtí Ẹ̀bùn ń fi abọ́ pẹlẹbẹ bu omi
bí ẹni ń wọn oògùn fọ́mọ tuntun,
màá padà wá dúró níwájú oṣù keje,
màá máa bínú sí i.
Omi láti etí bébà dé etí bébà!
Omi tí ẹnì kan ò tò fún, tí ẹnì kan ò jà lé lórí!
Mo fi ìka kàn án.
Ìka mi gbẹ.

Àwa tí ìkíni wa jọ orúkọ òkun,
tí a ń ṣe "Okun o" láàárọ̀, "Okun o" lọ́sàn-án,
lọ́nà Kàbà, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi òkú,
a ò ní ju ìsun kan ṣoṣo
tí àkèré pàápàá ń tò fún.

Lọ́jọ́ tí bàbá àgbà kú
a yí dígí kọjú sí ògiri,
kò sẹ́ni tó rántí obìnrin náà.
Ó kẹ̀yìn sí òkú títí wọ́n fi gbé e jáde.
Mo rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni,
kó má baà sunkún lójú wa.

Dúrótolú, àbúrò mi, ni iṣẹ́ gbé débẹ̀.
Ó pè mí lórí fóònù:
"Ẹ̀gbọ́n, mo rí i. Wọ́n ti kun ilẹ̀kùn náà láwọ̀ ewé.
Ilé ti lé ní ogún,
méjì péré ló ń taná lálẹ́. Àwọn ọmọ ti lọ sílùú ńlá."
Mo ní, omi ńkọ́?
Ó dákẹ́.
Mo ń gbọ́ nǹkan ńlá kan lẹ́yìn rẹ̀
tó ń mí, tó ń mí.
"Omi? Tánkà ló ń gbé e wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Àwọn ìyá arúgbó ti tò látàárọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì.
Èyí iyọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Iyọ̀ ni gbogbo rẹ̀."

Mo wọ pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ọmọńlé sá wọ ẹ̀yìn bébà.
Èéfín àtùpà ti bo òkun dé ìdajì.
Mo gbé garawa mi kalẹ̀.
"Okun o, ìyá," ni mo wí fún ẹ̀yìn rẹ̀,
"ṣé ó ti kàn yín?"